Àyè inú háàdì díìsìkì: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín in, àti ìdí tí ìṣirò rẹ̀ kì í fi bá tiwa mu

Ẹ wá fáìlì kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún lára mọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Properties. Ìlà méjì kan wà níbẹ̀ tó jọ ara wọn bí ìbejì: Size àti Size on disk. Bó bá jẹ́ lẹ́tà kúkúrú ni fáìlì náà, ìlà àkọ́kọ́ lè sọ pé báìtì 2,300 (bíi lẹ́tà 2,300) ni, kí ìkejì fèsì pé rárá o, báìtì 4,096 ni. Fáìlì kan ṣoṣo, ìwọ̀n méjì. Ẹlòmíràn ra díìsìkì tí wọ́n kọ 1 TB sí lára páálí rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní 931 GB lòun rí. Ẹlòmíràn tún wà tí àyè 20 GB ṣì ṣófo nínú fíláàṣì rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gbé fídíò 5 GB kan síbẹ̀, fíláàṣì kọ̀ jálẹ̀, ó ní fáìlì náà ti tóbi jù.

Ẹni tó tajà la sábà máa ń bú nírú àkókò bẹ́ẹ̀, tàbí ká ní fáírọ́ọ̀sì ló wọlé. Àwọn méjèèjì kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá: díìsìkì kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fáìlì rárá. Àwọn àyè tó ní nọ́ńbà lára nìkan ló mọ̀. Orúkọ fáìlì, fódà tó wà, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, bó ṣe tóbi tó, inú àkọsílẹ̀ kan ni gbogbo ìyẹn wà, àkọsílẹ̀ náà ló sì ń pinnu ohun tó lè wọlé, ohun tí kò lè wọlé, àti iye tí kọ̀ǹpútà máa pè fún yín.

Ohun tí díìsìkì mọ̀

Ẹ jẹ́ ká ti inú irin wá. Háàdì díìsìkì tó ń yí (SSD, irú díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ń bọ̀ níwájú) ní àwo pẹlẹbẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, tí wọ́n fi èròjà tó ń gba agbára mágínẹ́ẹ̀tì bò lójú. Àwo náà ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ láì fara kàn án, òun ló ń kà, òun ló ń kọ. Ojú àwo yìí pín sí ipa roboto tó yí ara wọn ká, ipa kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí ẹ̀là kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́kítọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ kan máa ń gbà. Láti nǹkan bí ọdún 2010 làwọn tó ń ṣe díìsìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sí báìtì 4,096, nítorí pé sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlà tó yà á sọ́tọ̀ àti àmì tí díìsìkì fi ń mọ̀ bóyá ohun tóun kà ti bàjẹ́. Bí sẹ́kítọ̀ bá kéré jù, àlà àti àmì á jẹ àyè mọ́ oníǹkan lọ́wọ́.

Báìtì kan ni lẹ́tà kan tí kò ní àmì kankan máa ń gbà. (Ẹ́ tiwa yìí, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, báìtì 5 ló ń gbà nínú ọ̀nà ìkọ̀wé UTF-8 tí gbogbo ayé ń lò. A kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.) Díìsìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde lọ́dún 1956 ní àwo 50 nínú, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò ju bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Fọ́tò kan tí fóònù òde òní yà lè má wọ̀ ọ́.

Látijọ́, kọ̀ǹpútà ní láti sọ fún díìsìkì pé orí wo, ipa wo, sẹ́kítọ̀ wo. Ní báyìí, nọ́ńbà lásán ni: 0, 1, 2, 3, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń rán díìsìkì kò ju méjì lọ: "ka ohun tó wà ní nọ́ńbà báyìí wá" àti "kọ eléyìí sí nọ́ńbà báyìí". Bí sẹ́kítọ̀ kan bá tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, díìsìkì á yọ́ kẹ́lẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti inú àwọn tó fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kò ní yí padà, kọ̀ǹpútà kò sì ní fura.

Ta ló wá mọ̀ pé ohun tó wà láti nọ́ńbà 81,920 dé 84,000 ni fọ́tò yín? Ètò fáìlì ni. FAT32, NTFS, exFAT, ext4, APFS tí ẹ máa ń rí nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ́máàtì nǹkan, orúkọ àwọn ètò fáìlì ni gbogbo wọn. Ètò fáìlì á ya apá kan díìsìkì sọ́tọ̀ fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀, á sì máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáìlì báyìí wà, báyìí ló ṣe tóbi tó, ibi báyìí ni kí ẹ ti wá a. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́máàtì tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kò ju kí wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ tuntun tí kò tíì sí orúkọ kankan nínú rẹ̀.

Ìdì kan kò gba fáìlì méjì

Ètò fáìlì kì í pín sẹ́kítọ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ó máa ń dì wọ́n pọ̀, ìdì yìí ni Windows ń pè ní cluster tàbí allocation unit, tí Linux sì ń pè ní block. Lórí NTFS, tí díìsìkì kò bá kọjá 16 TB, báìtì 4,096 ni ìdì kan bí ẹ kò bá yan ohun mìíràn. Òfin kan wà tó de ìdì: fáìlì kan ṣoṣo ló lè wà nínú rẹ̀. Bí yàrá ilé àlejò ló rí. Ẹni tó dá wá á gba odindi yàrá; bí yàrá bá sì ń gba ẹni mẹ́rin, tí ẹni márùn-ún dé pọ̀, yàrá méjì ni wọ́n máa sanwó fún, ẹni karùn-ún á dá sùn.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà báìtì 2,300 fi di 4,096. Báìtì 1,796 tó ṣẹ́ kù nínú ìdì náà kò ṣeé fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fi kún lẹ́tà náà títí tó fi di báìtì 4,096 géérégé, Size on disk kò ní yí padà. Ẹ wá fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún un, á fò di 8,192 lójú kan náà. Size ń sọ bí ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe gùn tó, Size on disk ń sọ iye ìdì tó jókòó lé. Kò sí irọ́ nínú ìkankan.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú jẹ́ kí ìdì kéré, kí ìfiṣòfò lè dínkù? Àkọsílẹ̀ ni kò gbà. Gbogbo ìdì ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, iye nọ́ńbà tí àkọsílẹ̀ lè kọ sì ní ìwọ̀n. Ẹ wo FAT16 tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé DOS lò. Bíìtì 16 (bíìtì kan kò lè jẹ́ ju 0 tàbí 1 lọ) ló fi ń kọ nọ́ńbà ìdì, bíìtì 16 kò sì lè kà kọjá nǹkan bí 65,500. Bí díìsìkì bá wá jẹ́ 2 GB, ẹ pín in sí ọ̀nà 65,536, ìdì kan á di 32 KB, ìyẹn báìtì 32,768. Kò sí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lè dá sí i. Fáìlì tó ní lẹ́tà kan nínú á gba 32 KB. Ẹni tó ní fáìlì 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1 KB, ọ̀rọ̀ inú wọn kò ju bíi 10 MB lọ, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n máa gbà á ti lé ní 300 MB. Nígbà tí FAT32 dé lọ́dún 1996, tó fi bíìtì 28 kọ nọ́ńbà ìdì, ara tu àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Bí ẹ bá fi exFAT fọ́máàtì díìsìkì ẹ̀yìn òde tó ju 32 GB lọ lórí Windows, tí ẹ kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun, 128 KB ni ìdì kan máa jẹ́. Ẹ wá da àwọn fáìlì 10,000 yẹn sínú rẹ̀. Báìtì 1,310,720,000 ni wọ́n máa gbà, ó ju gígábáìtì kan lọ, fún ọ̀rọ̀ 10 MB. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rò pé díìsìkì òun ń jí àyè kó nígbà tí fódà tó jẹ́ kékeré lórí kọ̀ǹpútà wú lójijì níbòmíràn. Fún fídíò àti fọ́tò ńláńlá, ìdì 128 KB kò ní ìpalára kankan, ó tiẹ̀ dára, nítorí pé ìdì tó kẹ́yìn nìkan ni fáìlì kan máa ń fi ṣòfò, tí ìyẹn sì jẹ́ bí ìdajì ìdì kan ní ìpíndọ́gba. Fún ìwé kéékèèké àti kóòdù, ẹ fi NTFS tàbí ext4 ṣe é.

Bí ẹ bá fi Notepad kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lórí NTFS, ẹ lè rí i pé Size on disk rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ má bẹ̀rù. Fáìlì tó bá kéré gan-an, bíi báìtì 600 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, NTFS á fi í sínú ojú ìlà àkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà, kò ní gba ìdì kankan rárá.

Inú àkọsílẹ̀

FAT, ìdílé tí FAT16 àti FAT32 ti wá, rọrùn láti lóye ju gbogbo wọn lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lọ́dún 1977 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Microsoft. Tábìlì kan ni, ìdì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú fódà, ètò á kọ orúkọ fáìlì, ìwọ̀n rẹ̀, àti nọ́ńbà ìdì tó ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní 9 ni. Ẹ lọ sí ìlà 9 nínú tábìlì, ẹ máa rí 10 níbẹ̀: ìyẹn ni pé ìdì 10 ló kàn. Ìlà 10 ní kí ẹ lọ sí 11. Ìlà 11 ní kí ẹ fò lọ sí 57. Ní ìlà 57, àmì òpin ló wà. Ìdì mẹ́rin ni fáìlì yẹn ní, bí wọ́n sì ṣe ń fa ọwọ́ ara wọn nìyẹn. Ìlà tí 0 bá wà nínú rẹ̀, ìdì rẹ̀ ṣófo, ẹni tó bá ń wá àyè lè gbà á.

Ẹ ti rí ibi tó léwu. Bí ìlà 11 bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé 57 wà lára fáìlì yìí. Ọ̀rọ̀ inú 57 ṣì wà lórí díìsìkì digbí, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ òrukàn. Irú wọn ni CHKDSK, ètò tí Windows fi ń yẹ díìsìkì wò, máa ń kó jọ sínú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .CHK. Nítorí ewu yìí ni FAT fi sábà máa ń tọ́jú ẹ̀dà tábìlì náà méjì, òun náà ló sì fà á tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé kí ẹ tẹ Eject kí ẹ tó fa fíláàṣì yọ. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú ìdì tán, kí àkọsílẹ̀ má tíì parí. Àwọn ètò tó dé lẹ́yìn, bíi NTFS (1993) àti ext4, máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà nínú àkọsílẹ̀ síbì kan ná kí wọ́n tó ṣe é, kó lè jẹ́ pé bí iná bá lọ, wọ́n mọ ibi tí wọ́n dé dúró.

NTFS àti ext4 kì í tò ó ní ẹyọ ẹyọ bíi ti FAT. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń kọ: "bẹ̀rẹ̀ láti ìdì 400, ka 25". Fáìlì ńlá tó wà lójú kan lè má nílò ju ìlà kan lọ. Láti mọ ìdì tó ṣófo, wọ́n ní àwòrán kan tí bíìtì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ dúró fún ìdì kan, 1 bó bá ní olówó, 0 bí kò bá ní. Díìsìkì 1 TB ní ìdì báìtì 4,096 tó lé ní mílíọ̀nù 244, síbẹ̀ àwòrán yìí kò ju bíi 30 MB lọ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni.

Fíláàṣì tó kọ fídíò 5 GB wá ńkọ́? FAT32 ni wọ́n fi fọ́máàtì rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ FAT32, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n fáìlì kò ju bíìtì 32 lọ, nọ́ńbà tó tóbi jù tó sì lè wọ ibẹ̀ ni 4,294,967,295. Fáìlì tó bá fi báìtì kan ju ìyẹn lọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àyè ṣófo lóòótọ́, ojú ìwé ni kò gba nọ́ńbà. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn, ẹ fi exFAT fọ́máàtì rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Irú ààlà kan náà ló ń bá ẹni tó so díìsìkì 4 TB mọ́ kọ̀ǹpútà tó rí 2 TB péré nínú rẹ̀: MBR, tábìlì àtijọ́ tó ń pín díìsìkì sí ìpín ìpín, bíìtì 32 ló fi ń ka sẹ́kítọ̀ báìtì 512. GPT, tábìlì tuntun tó rọ́pò rẹ̀, ló yẹ kí ẹ lò.

Bí fáìlì ṣe ń fọ́n ká

Ká ní díìsìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Fáìlì A gba ìdì 100 sí 149, B gba 150 sí 179, D gba 180 sí 259. Gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ wá pa B rẹ́, àlàfo ìdì 30 ṣí sílẹ̀ láàárín A àti D. Fáìlì E dé, ìdì 50 ló nílò. Ètò tí kò ní sùúrù á ki 30 nínú rẹ̀ sínú àlàfo, á sì gbé 20 tó kù sí 260 lọ sókè. E ti di méjì. Bí ẹ bá ń kọ, tí ẹ ń pa rẹ́, tí ẹ tún ń kọ báyìí fún ọdún méjì, fáìlì kan lè wà ní ẹ̀là ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Àkọsílẹ̀ mọ ibi tí gbogbo ẹ̀là wà, kò sí ohun tó sọnù. Àkókò ló ń jẹ. Orí díìsìkì gbọ́dọ̀ ṣí láti ipa kan lọ sí òmíràn, kó tún dúró de sẹ́kítọ̀ tó fẹ́ kó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lórí díìsìkì tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, yíyípo kan gba mílísẹ́kọ́ńdù 8.3. Bí ẹ bá ro ìṣíkiri àti ìdúró pọ̀, ẹ lè ka mílísẹ́kọ́ńdù 10 sí 15 fún ẹ̀là kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tó fọ́ sí ẹ̀là 300 á fi sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta ó kéré tán ṣe ìrìn àjò lásán kó tó parí. Defrag ló ń kó àwọn ẹ̀là wọ̀nyí padà sójú kan. Ẹni tó ń lo Linux kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ext4 kì í yára pín ìdì. Á fi ọ̀rọ̀ sínú mẹ́mórì ná, á dúró títí yóò fi mọ bó ṣe máa gùn tó, kó tó wá àlàfo tó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí díìsìkì bá ti kún dẹ́nu, ọgbọ́n tán. Àlàfo kéékèèké nìkan ló kù, bí ètò fáìlì sì gbọ́n bí ìjàpá, inú wọn náà ló máa fọ́n nǹkan sí. Lójú tèmi, ẹni tó ń dúró dìgbà tí díìsìkì bá pupa kó tó palẹ̀ mọ́ ti pẹ́ jù.

SSD kò ní orí tó ń ṣí kiri, nítorí náà ẹ̀là 300 kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe defrag fún un. Ìkọ̀wé ni ẹ̀mí SSD fi ń gbó, defrag sì jẹ́ ìkọ̀wé tí kò nídìí. Ohun mìíràn tún wà nínú SSD tí mo fẹ́ràn láti máa sọ: kò lè kọ nǹkan lé ohun tó ti wà nílẹ̀ lórí. Ó gbọ́dọ̀ nu ibẹ̀ ná, kò sì lè nu díẹ̀, agbègbè ńlá kan ló ń nù lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní "kọ eléyìí sí nọ́ńbà 500", SSD á kọ ọ́ sí ibòmíràn tó ti mọ́, á sì kọ sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ pé ibẹ̀ ni 500 wà báyìí. Àkọsílẹ̀ kan ń bẹ lábẹ́ àkọsílẹ̀. Nọ́ńbà tí ètò fáìlì rò pé òun mọ̀, orúkọ lásán ni.

Pípa rẹ́

Ẹ ti lè fòye gbé e báyìí ìdí tí fídíò 3 GB fi ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kọ sínú díìsìkì, tó sì ń parẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fídíò náà. FAT á pa lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ dà sí àmì kan tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa fáìlì yìí rẹ́, á fi 0 sí àwọn ìlà rẹ̀ nínú tábìlì, ó tán. Ọ̀rọ̀ inú ìdì wà níbẹ̀ títí fáìlì mìíràn yóò fi wá jókòó lé e. Ibi tí àwọn ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù ti ń jẹun nìyẹn. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa nǹkan pàtàkì rẹ́, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dẹ́kun kíkọ ohunkóhun sórí díìsìkì náà. Ẹ má tiẹ̀ gbé ètò tó ń wá fáìlì sórí rẹ̀, ẹ gbé e sórí òmíràn. Lórí SSD, ìrètí kéré, nítorí pé Windows, Linux àti macOS lè fi àṣẹ TRIM sọ fún un pé ìdì báyìí ti di òfìfo, SSD á sì nu ibẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Quick Format náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ tuntun ló ń ṣí. Láti Windows Vista ni fọ́máàtì tí kì í ṣe Quick ti ń fi 0 kún gbogbo ojú díìsìkì. Ẹni tó bá fẹ́ ta háàdì díìsìkì rẹ̀ tàbí kó fi tọrẹ, eléyìí ló yẹ kó lò.

Gbígbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn nínú ìpín kan náà kì í pẹ́ bó ti wù kí fáìlì tóbi tó, nítorí pé àkọsílẹ̀ nìkan ló yí padà. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ìpín mìíràn, àkọsílẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, ó di dandan kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ lọ́tun kí wọ́n tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

931 GB, àti àyè tí ẹ kò rí

Ẹni tó ṣe díìsìkì 1 TB fún yín ní báìtì 1,000,000,000,000 ní tòótọ́. Windows ló ń fi 1,024 ka nǹkan: lójú rẹ̀, GB kan jẹ́ 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024, ìyẹn báìtì 1,073,741,824. Ẹ fi pín báìtì tí wọ́n tà fún yín, 931.3 ló máa jáde. Bákan náà ni 500 GB ṣe ń di 465. Báìtì kankan kò sọnù. Lọ́dún 1998, àjọ IEC tó ń ṣòfin ìwọ̀n fún ohun èlò iná mànàmáná fi orúkọ GiB fún irú GB tí wọ́n fi 1,024 kà, kí àríyànjiyàn lè tán. Windows kò gbà, ó ń ka GiB, ó ń kọ GB. Apple yí macOS padà lọ́dún 2009 kó máa kà bíi ti àwọn tó ń ṣe díìsìkì, nítorí náà díìsìkì kan náà lè jẹ́ 1 TB lórí Mac. Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, Windows ló jẹ̀bi, kì í ṣe páálí. Bí díìsìkì sì ṣe ń tóbi sí i ni ìyàtọ̀ náà ń fẹ̀: lórí KB, ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lórí TB, ó ti sún mọ́ 10.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ro ìwọ̀n gbogbo fódà yín pọ̀ kó má tó ohun tí díìsìkì sọ pé wọ́n ti lò. Ẹ wo àwọn tó fara pamọ́: pagefile.sys, tó ń ran mẹ́mórì lọ́wọ́, hiberfil.sys, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó mẹ́mórì sí bó bá fẹ́ sùn. System Volume Information, ilé àwọn restore point tí Windows fi ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àti Recycle Bin, nítorí pé ohun tó bá wà níbẹ̀ ṣì ń jókòó lé ìdì rẹ̀. Ìpín kéékèèké mìíràn tún wà fún ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà àti àtúnṣe rẹ̀ tí Windows kò ní fún ní lẹ́tà kankan. Lórí Linux, ext4 máa ń ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root, ọ̀gá tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, kí ètò má bàa kú bí àwọn tó ń lò ó bá kún díìsìkì. Lórí 1 TB, ìyẹn tó 50 GB.

Bí Linux bá wá sọ fún yín pé "No space left on device", tí df -h, àṣẹ tó ń sọ àyè tó kù, sì fi hàn pé àyè ṣì pọ̀, ẹ tẹ df -i kí ẹ rí iye inode tó kù. Lórí ext4, gbogbo fáìlì ló gbọ́dọ̀ ní inode kan, ìyẹn ojú ìlà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, iye inode sì ni wọ́n máa ń pinnu lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ́máàtì: ọ̀kan fún báìtì 16,384, bí ẹ kò bá yan ohun mìíràn. Ìpín 100 GiB á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5. Ètò kan tó ń da fáìlì kéékèèké sílẹ̀ lójoojúmọ́ láìpalẹ̀ mọ́ lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí ìdajì díìsìkì ṣì ṣófo. Ẹ wá fódà tí àwọn fáìlì náà pọ̀ sí, ẹ pa wọ́n rẹ́. Bó bá jẹ́ pé irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nìyẹn, ẹ kó dátà rẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ sì fi mkfs.ext4 -i 8192 fọ́máàtì rẹ̀ lọ́tun, inode á di ìlọ́po méjì.